Ìtàn Ìgbésí Ayé Baba Yara, Agbábọ́ọ̀lù Kumasi

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ti Nàìjíríà, Benin àti Tógò wá, àti ẹ̀yin ọmọ Ghana tí ẹ gbọ́ èdè Yorùbá, kò sí ẹni tí yóò lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Kumasi tí kò ní gbọ́ orúkọ Baba Yara. Bí ẹgbẹ́ Asante Kotoko bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, orúkọ náà ni àwọn awakọ̀ máa ń ké láti pe èrò sí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ṣe àkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n bí orúkọ ibì kan. A kò mọ̀ ọ́n bí orúkọ ènìyàn. Àwọn tí wọ́n sì mọ̀ pé ènìyàn ni, ìdajì ìtàn rẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ. Wọn a ròyìn ọdún mẹ́jọ tí ó fi sáré lórí pápá, wọn a sì fo ọdún mẹ́fà tí kò fi lè lo ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Èmi yóò gbìyànjú láti sọ méjèèjì, nítorí ènìyàn kan náà ni ó gbé ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá wọ̀nyí.

Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá ọdún 1936 ni a bí i, ní Kumasi níhìn-ín. Orúkọ rẹ̀ máa ń pa ọmọ Yorùbá lẹ́rìn-ín nígbà àkọ́kọ́, nítorí létí tiwa ó dà bí ẹni pé a ń pe bàbá tí ó ni yàrá. Hausa ni orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni bàbá àwọn ọmọdé. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe orúkọ Asante. Kumasi jẹ́ ìlú Asante pátápátá, ààfin Asantehene wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ ìlú tí àlejò ti pọ̀ láti ìgbà pípẹ́: Hausa, Mossi, Dagomba, àti àwọn Yorùbá tí wọ́n ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Inísà àti Ṣakí wá tajà. Bàbá bàbá mi jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Yorùbá náà. Ó ń ta aṣọ ní ọjà ńlá ìlú yìí, láti ẹnu rẹ̀ ni mo sì ti kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn agbábọ́ọ̀lù yìí, kí n tó mọ ìwé kà.

Kí Baba Yara tó di agbábọ́ọ̀lù, ẹṣin ni ó ń gùn. Ó wà lára àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ń gun ẹṣin díje. Ẹni tí ó bá ti rí ìdíje ẹṣin rí yóò mọ̀ pé ara fífúyẹ́, àyà líle àti ojú tí ó yára ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Àwọn nǹkan mẹ́ta yìí náà ni ó gbé lọ sí orí pápá bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 1955, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó wọ ẹgbẹ́ Asante Kotoko.

Ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nípa ẹgbẹ́ yìí fún àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọdún 1935 ni a dá a sílẹ̀ ní orúkọ tí ó ń jẹ́ títí di òní, pẹ̀lú àṣẹ àti ìbùkún Asantehene Prempeh Kejì. Kotoko ni òòrẹ̀, ẹranko ẹlẹ́gùn-ún nì tí ó jẹ́ àmì ìjọba Asante. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wọ aṣọ Kotoko kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù lásán lójú àwọn ará Kumasi. Ó dà bí ẹni tí ó gbé ọlá ìlú lé èjìká. Ọmọ tí ó ń jẹ́ orúkọ Hausa ni ó wá di ààyò ẹgbẹ́ náà. Èyí dùn mọ́ àwọn àlejò tí ń gbé Kumasi púpọ̀, bàbá bàbá mi sì wà nínú wọn.

Ní ayé ìgbà náà, ènìyàn márùn-ún ni ẹgbẹ́ máa ń tò sí iwájú. Ẹni tí ó wà ní etí pápá lápá ọ̀tún ni ó máa ń wọ aṣọ nọ́ńbà 7, ibẹ̀ sì ni ipò Baba Yara. Lójú ẹni tí kò mọ eré, iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro: kí ó dúró létí ìlà, kí ó gba bọ́ọ̀lù, kí ó kọjá ẹni tí ń ṣọ́ ọ, kí ó sáré dé ìkángun pápá, kí ó sì gbá bọ́ọ̀lù padà sí iwájú ilé, níbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sáré bọ̀. Ṣùgbọ́n níbi kíkọjá ẹni tí ń ṣọ́ni yìí ni gbogbo ọgbọ́n wà. Ìlà wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ògiri; bí bọ́ọ̀lù bá ti kọjá ìlà, ó ti bọ́. Ẹni tí ń ṣọ́ ọ mọ̀ pé ọ̀nà méjì péré ni ó ní, kí ó gba etí ìlà tàbí kí ó yà sínú. Nítorí náà, agbábọ́ọ̀lù etí pápá gbọ́dọ̀ fi ara purọ́. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí èjìká rẹ̀ lọ sí ibì kan nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ sí ibòmíràn, kí ó sì ti lọ kí ẹnìkejì rẹ̀ tó mọ èyí tí í ṣe òtítọ́. Baba Yara mọ èyí ṣe tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń pè é ní Ọba àwọn agbábọ́ọ̀lù etí pápá. Yàtọ̀ sí bọ́ọ̀lù tí ó ń pèsè fún ẹlòmíràn, òun fúnra rẹ̀ a máa gbá góòlù wọlé lọ́pọ̀lọpọ̀, èyí tí kì í sábà rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó wà ní ipò yẹn.

Ní ọdún 1957, ọdún tí Ghana gba òmìnira, Stanley Matthews wá sí orílẹ̀-èdè yìí nípa ìpè ẹgbẹ́ Hearts of Oak ti Accra. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì yìí ni gbogbo ayé ń yìn nígbà náà, nọ́ńbà 7 ni òun pẹ̀lú, ó sì ti lé ní ẹni ogójì ọdún. Àwọn ọmọ Ghana wò ó dáadáa, wọ́n kan sáárá sí i. Ṣùgbọ́n àwọn ará Kumasi tí mo ti bá sọ̀rọ̀, tí wọ́n jẹ́ ọmọdé nígbà náà, kò gbà títí di òní pé ó ju ọmọ tiwọn lọ. N kò lè ṣe ìdájọ́ láàárín wọn, nítorí n kò rí èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì. Mo kàn mọ̀ pé ìfẹ́ ìlú ẹni máa ń mú kí ojú ríran jù.

Ọdún 1955 kan náà tí ó wọ Kotoko ni ó bẹ̀rẹ̀ sí gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè, tí a ń pè ní Gold Coast nígbà náà. Ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi. Ní ọdún yẹn ni Gold Coast na Nàìjíríà ní góòlù méje sí òdo ní Accra, nínú ìdíje ọdọọdún tí a ń pè ní Jalco Cup. Bàbá bàbá mi máa ń sọ pé fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn náà, kò sí Yorùbá tí ó lè ná ọjà ní Kumasi kí a má fi ìka méje hàn án. Ní ọdún 1960, nínú ìdíje tí a fi ń yan àwọn tí yóò lọ sí Ife Àgbáyé ọdún 1962, Ghana tún na Nàìjíríà ní mẹ́rin sí ọ̀kan ní Accra, kí wọ́n tó gbá ọ̀mì méjì sí méjì ní Èkó.

Ìgbà ìtànná rẹ̀ nìyí. Kotoko gba ife orílẹ̀-èdè ní ọdún 1958, wọ́n sì tún gbà á ní ọdún 1960. Ní ọdún 1959 ni wọ́n kọ́kọ́ gba líìgì Ghana. Ọdún 1959 yìí kan náà ni a parí pápá ìṣeré tuntun ní Kumasi, èyí tí ó rọ́pò pápá tí àwọn ènìyàn ti máa ń dúró yí ká. Láàárín ọdún 1959 sí 1962, Andreas Sjöberg, ará Sweden, ni ó ń kọ́ ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè ní eré. Mo máa ń rò ó bí ọkùnrin tí ó ti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi irin sáré lórí omi dídì wá ṣe rí Kumasi sí nínú oòrùn oṣù kejì, níbi tí eruku ọyẹ́ ti ń bá bọ́ọ̀lù fò. A sọ pé ní ọdún 1961 ni wọ́n yan Baba Yara ní agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ ní Ghana.

Ní ọdún 1961 yìí náà ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ó yí ìgbésí ayé rẹ̀ padà. Ààrẹ Kwame Nkrumah gbàgbọ́ pé bọ́ọ̀lù lè ṣe ohun tí ọ̀rọ̀ ìṣèlú kò lè ṣe, pé ó lè so ẹ̀yà gbogbo pọ̀ ní Ghana, kí ó sì gbé orúkọ aláwọ̀ dúdú ga ní gbogbo ayé. Ohene Djan, tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà fún eré ìdárayá, ni ó ń mú èrò yìí ṣẹ. Wọ́n dá ẹgbẹ́ tuntun kan sílẹ̀, wọ́n sì pè é ní Real Republicans. Bí wọ́n ṣe kó o jọ ni pé wọ́n mú méjì nínú àwọn tí ó mọ eré jù lọ láti inú ẹgbẹ́ ńlá kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sì fi ẹgbẹ́ náà sínú líìgì, kí ó máa bá àwọn ẹgbẹ́ tí a ti já wọn gbà díje.

Inú àwọn ará Kumasi kò dùn rárá. Ẹ rántí pé ọdún 1954 ni ẹgbẹ́ ìṣèlú kan ti dìde ní Kumasi láti tako ìjọba Nkrumah, ọgbẹ́ ìjà náà kò sì tíì jinná. Nígbà tí ìjọba Accra wá mú àṣàyàn ọmọ Kotoko lọ, lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀, bí ẹni ń gba nǹkan ìní ilé ni. Baba Yara wà lára àwọn tí wọ́n mú. Ní tèmi, mo rí ọgbọ́n nínú ohun tí Nkrumah ń wá, nítorí ẹgbẹ́ tí ń gbé pọ̀ tí ó sì ń ṣeré pọ̀ lójoojúmọ́ yóò mọwọ́ ara wọn ju èyí tí a kó jọ lọ́jọ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí a fi ọwọ́ agbára gba ẹni tí ìlú tọ́ dàgbà, kí a sì tún ní kí ìlú náà pàtẹ́wọ́. Ẹgbẹ́ tuntun náà gba líìgì ọdún 1962 sí 1963, ó sì gba ife orílẹ̀-èdè ní ọdún mẹ́rin léra láti 1962 títí dé 1965.

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹta ọdún 1963. Real Republicans ti lọ gbá bọ́ọ̀lù líìgì ní Kpandu, ní agbègbè Volta, ní ìlà-oòrùn Ghana, níbi tí òkè pọ̀ sí, tí ojú ọ̀nà sì ń wọ́ bí ejò. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, bọ́ọ̀sì wọn ní ìjàǹbá nítòsí Kpeve. Ẹ̀yìn Baba Yara ni ọgbẹ́ náà mú. Ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ bàjẹ́, láti ọjọ́ náà kò sì rìn mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni.

Jẹ́ kí n ṣe àlàyé díẹ̀ níhìn-ín, nítorí àwa tí a fẹ́ di olùkọ́ gbọ́dọ̀ lè ṣe é fún àwọn ọmọ tí a ó kọ́. Nínú egungun ẹ̀yìn ni okùn iṣan kan wà tí ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ lọ sí ẹsẹ̀. Bí okùn yìí bá já, ẹsẹ̀ lè má ní egbò kankan, iṣan rẹ̀ lè yè kooro, ṣùgbọ́n kò ní gbọ́ ohun tí ọpọlọ ń wí. Okùn yìí kì í so padà bí egungun tí ó kán ti máa ń so. Ewu tí ó sì tún wà ni egbò ìdùbúlẹ̀ àti àìsàn inú kíndìnrín, tí wọ́n máa ń pa irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní ayé àtijọ́, àwọn oníṣègùn kì í retí pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò pẹ́ láyé.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Stoke Mandeville ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ibi tí ó dára jù ú lọ fún irú àìsàn yìí ní gbogbo ayé nígbà náà, ó sì yẹ kí a yin àwọn tí wọ́n rán an lọ. Ludwig Guttmann, oníṣègùn Júù tí ó sá kúrò ní Jámánì nítorí Hitler, ni ó dá ẹ̀ka ìtọ́jú ọ̀pá ẹ̀yìn sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1944. Ọkùnrin yìí kọ̀ láti gbà pé ẹni tí kò lè rìn ti di òkú. Ó ní kí wọ́n máa yí àwọn aláìsàn padà lórí ibùsùn lóòrèkóòrè, kí wọ́n má baà degbò. Ó sì fi wọ́n sórí kẹ̀kẹ́ arọ, ó ní kí wọ́n máa ta ọfà, kí wọ́n máa ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n. Ní ọdún 1948, lọ́jọ́ tí a ṣí eré Òlíḿpíìkì ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣe ìdíje kékeré kan láàárín àwọn aláìsàn nínú ọgbà ilé ìwòsàn náà. Láti inú ìdíje yìí ni eré Òlíḿpíìkì àwọn aláàbọ̀ ara ti jáde. Sínú ilé yìí ni wọ́n gbé ọmọ Kumasi wọ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jẹ́ gbogbo ọrọ̀ rẹ̀. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì kọ́ ọ bí a ti í gbé láyé lórí kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n wọn kò lè dá ẹsẹ̀ rẹ̀ padà fún un.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ìjàǹbá náà, ìdíje Ife Àwọn Orílẹ̀-èdè Áfíríkà dé Ghana. Charles Kumi Gyamfi, ọmọ Ghana fúnra rẹ̀, ni ó ń kọ́ ẹgbẹ́ nígbà náà. Accra ni Ghana ti gbá bọ́ọ̀lù tirẹ̀. Kumasi ni ìpín kejì ti díje, níbi tí Nàìjíríà, Sudan àti Íjíbítì, tí ń jẹ́ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-èdè Árábù nígbà náà, ti pàdé. Nàìjíríà kò rí jájẹ: Íjíbítì gbá mẹ́fà wọlé wọn, wọ́n sì dá mẹ́ta padà; Sudan gbá mẹ́rin wọlé wọn láìgba ọ̀kan. Ọ̀mì méjì sí méjì ni Íjíbítì àti Sudan gbá. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá ọdún 1963, Ghana na Sudan ní mẹ́ta sí òdo, wọ́n sì gba ife náà fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn. Ní ọdún 1965 wọ́n tún gbà á ní Tunis.

Ohun tí Baba Yara ti ń ṣiṣẹ́ fún láti ọdún 1955 nìyí, òun kò sì sí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n gbé ife náà jẹ́ àwọn tí ó ti bá gbá bọ́ọ̀lù pọ̀. Orúkọ wọn wà nínú ìwé gbogbo títí di òní; tirẹ̀ kò sí nínú àkọsílẹ̀ ife náà. Nítorí ìdí èyí ni ẹlòmíràn tí ń ka ìtàn bọ́ọ̀lù láti òde Ghana kì í fi bá orúkọ rẹ̀ pàdé rárá.

Ọdún ń gorí ọdún. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kejì ọdún 1966, àwọn ológun lé Nkrumah kúrò lórí àga nígbà tí ó rin ìrìn-àjò. Ẹgbẹ́ Real Republicans túká ní ọdún náà, àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ sì padà sí ilé. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí. Ẹgbẹ́ tí ó tìtorí rẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì ọjọ́ náà kò sí mọ́; ìjọba tí ó mú un wọ ẹgbẹ́ náà kò sí mọ́; àwọn tí wọ́n mú pẹ̀lú rẹ̀ ti padà wọ aṣọ ẹgbẹ́ wọn àtijọ́. Òun nìkan ni kò ní ibi tí yóò padà sí. Mo máa ń bi ara mi léèrè ẹni tí ó jẹ irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní gbèsè. Ṣé Kotoko, tí a gbà á lọ́wọ́ wọn? Ṣé ìjọba tuntun, tí kò rán an níṣẹ́? Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ mi, orílẹ̀-èdè ni, ẹnikẹ́ni tí ì báà wà lórí àga, nítorí pé orílẹ̀-èdè kì í kú bí ìjọba ti í kú. Mo sì mọ̀ pé nínú kíláàsì wa, àwọn kan yóò bá mi jiyàn lórí èyí.

Baba Yara kú ní ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún ọdún 1969. Ọmọ ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni. Kotoko gba líìgì ní ọdún náà.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 kan náà, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ kó jáde kúrò ní Ghana láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ẹ̀yin tí ilé yín wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Ṣakí ti gbọ́ ìtàn ìpadàbọ̀ náà lẹ́nu àwọn òbí yín. Àwọn Yorùbá tí wọ́n ti máa ń kún etí pápá ní Kumasi, tí wọ́n ti ń kígbe orúkọ ọmọkùnrin aláṣọ nọ́ńbà 7 nì, ni wọ́n wá ń di ẹrù sórí ọkọ̀ ní gbogbo òru. Bàbá bàbá mi wà lára wọn. Ó pẹ́ kí ìdílé wa tó tún padà wá sí ìlú yìí. Ní oṣù kìíní ọdún 1971, nígbà tí Kotoko gba ife àwọn ẹgbẹ́ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́wọ́ Englebert ti Congo, inú rédíò ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó ti gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi orúkọ Baba Yara sọ pápá ìṣeré Kumasi, èyí tí a kọ́ ní ọdún 1959 nígbà tí òun fúnra rẹ̀ wà nínú agbára rẹ̀. Wọ́n tún un ṣe fún ìdíje Ife Áfíríkà ọdún 2008, èyí tí Ghana gbà lálejò. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni ó díje ní Kumasi nínú ìpín wọn lọ́dún náà: Cameroon, Zambia, Íjíbítì àti Sudan. Íjíbítì àti Sudan tí wọ́n ti gbá ọ̀mì níhìn-ín ní ọdún 1963, nígbà tí Baba Yara kò lè dìde, tún pàdé ní ìlú kan náà, Íjíbítì sì fi mẹ́ta sí òdo borí, nínú pápá tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.